Ìwé Ẹ̀rí tí Ọ̀gá Ilé-Ìwé Kọ fún Ọmọ Rẹ̀

Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì
22 Oṣù Kẹwàá, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú òjò àrọ̀kúrò. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ṣì ń fi ìpara tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí ẹ ti gbé e fún àwọn àgbà ìjọ yín bí ẹ ṣe gbé ti èṣí fún wọn?

Mo mọ̀ pé ẹ ó yọ̀ pé Moríyọ̀ kọ lẹ́tà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ ti ń bá mi jà pé ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé kì í fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù bí ẹni tí kò gba iwájú ilé-ìwé kọjá rí. Bàbá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ èyí. Ohun tí mo sì fẹ́ bá yín sọ gan-an nìyẹn.

Ẹ mọ̀ pé ọdún kejì mi nìyí ní yunifásítì, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá rán wa lọ sí ilé ìwòsàn láti fi ọwọ́ ṣe é, wọ́n ń yìn mí. Ṣùgbọ́n bí ó bá di kí n jókòó ka ìwé, kí n kọ ohun tí mo mọ̀ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú. Ìlà kan ṣoṣo, mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó yé mi. Mo já nínú ìdánwò kan ní oṣù Karùn-ún. Oṣù Kìíní ni mo máa tún un ṣe, bí mo bá sì tún já, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Olùkọ́ mi kan ló pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, òun ń gbọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́; bí òun bá ka ohun tí mo kọ, òun kì í rí ẹni yẹn mọ́. Ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò dìsílẹ́síà. Bàbá, kì í ṣe àìsàn, kì í sì ṣe àìgbọ́n. Ẹni tó ní i, ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè so lẹ́tà tí ojú rí mọ́ ìró tí etí mọ̀. Wọ́n ń bí i mọ́ èèyàn ni, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé.

Ìjọba ibí ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn akàndá akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, àwọn tó ní dìsílẹ́síà sì wà lára wọn. Kì í ṣe owó yíyá, èèyàn kì í san án padà. Àwọn tó fi fíìsà ẹ̀kọ́ wọ ìlú kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n èmi ti gba ìwé ìgbélùú títí lọ, nítorí náà ó kàn mí. Àmọ́ wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àfi kí onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò, kó sì fọwọ́ sí ìjábọ̀. Ìjọba kọ́ ló ń san owó àyẹ̀wò yẹn. Yunifásítì san ìdajì, mo san ìdajì nínú owó iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó.

Ibi tí mo ti nílò yín rèé. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni èdè tí mo kọ́kọ́ gbọ́, obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kíkà ti ń nira fún mi láti kékeré, ní Yorùbá pẹ̀lú, àbí Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé mi tó. Ó fẹ́ kí ẹni tó tọ́ mi kọ ọ́. Màmá ti lọ, ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ sọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, bó ṣe rí, àti bóyá ẹlòmíràn wà nínú ẹbí tí ìwé nira fún. Mo ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi Kìtán kò kàwé púpọ̀, pé oko ló wù ú, pé ó ti wà ní Bọ́lọ́rundúró kí ẹ tó bí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kó tó mi lọ́wọ́ kí oṣù Kọkànlá tó parí. Ẹ má tún un ṣe, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ yín tó ń wo ọ̀nà,
Moríyọ̀.


Odòjọ̀mù, Oǹdó
9 Oṣù Kọkànlá, 2023

Moríyọ̀,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Olúrántí, ọmọ àbúrò mi, ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Arákàlé, ó sì fi rán onímọ́tò Àkúrẹ́ sí mi. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kí n tó kà á. Àṣìṣe mẹ́tàdínlógún ni mo fi bírò pupa sàmì sí, ṣùgbọ́n n kò ní dá a padà fún ọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ burú ju àṣìṣe rẹ̀ lọ.

Akàndá báwo? Èwo nínú ẹsẹ̀ rẹ ló rọ? Ojú rẹ wo ló fọ́? Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, mo fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọmọ tí mo kọ́ ti di dókítà, òmíràn ti di adájọ́ ní Àkúrẹ́. O wá fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ọmọ bíbí inú mi kò lè kàwé. Lọ́jọ́ tí Oǹdó bá gbọ́ ọ, wọ́n á ní ọ̀gá ilé-ìwé bí abirùn, abirùn náà sì ń gba sàráà lọ́wọ́ òyìnbó. Ilé ọkọ wo lo fẹ́ gbé ìtàn yẹn lọ?

Má fòyà. Mo ti ṣe ohun tó yẹ kí baba ṣe. Mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́, mo jókòó ti Olúrántí, mo ní kó fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ tààrà sí obìnrin náà, torí pé àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé tí o fi pẹ̀lú lẹ́tà rẹ. Mo tẹ òǹtẹ̀ tí mo lò lẹ́nu iṣẹ́ sí i. Mo kọ ọ́ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni o ti ń ka Bíbélì Yorùbá níwájú ìjọ. Mo kọ ọ́ pé ipò kìíní tàbí ìkejì ni o ń mú ní gbogbo kíláàsì, àti pé láti orí bàbá bàbá mi, kò sí ẹni tí ìwé nira fún nínú ìdílé wa. Mo fi kún un pé ọlọ́pọlọ pípé ni ọ́, onígbọràn, tó fẹ́ràn ìmọ́tótó. Mo ní kí wọ́n gbà ọ́ láìsí ìfòyà.

Ìwé ẹ̀rí tí mo bá kọ, kò tíì sí ilé-ìwé tó dá a padà. Ìwọ náà sì mọ̀ pé a kì í kọ àbùkù ọmọ sínú ìwé ẹ̀rí. Ọmọ tó bá ń jalè pàápàá, ohun tí à ń kọ ni pé ó ní òye, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Tẹra mọ́ ìwé rẹ, kí o sì dín wíwo fóònù kù.

Kìtán gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Bọ́lọ́rundúró lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò dúró jẹun.

Èmi baba rẹ,
Akíntóyè.


Leeds
3 Oṣù Kejìlá, 2023

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bínú kí n tó lè mú bírò, ẹ má bínú pé mo bínú.

Obìnrin náà pè mí, ó sì ka ìwé ẹ̀rí yín sí mi létí. Ó ní ìwé tó dára ni, pé baba mi fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé náà ti dí òun lọ́nà. Bí ẹni tó tọ́ mi, tó tún jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, bá fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí pé mo ń ka Bíbélì geere ní ọmọ ọdún márùn-ún, báwo ni òun ṣe fẹ́ kọ ọ́ pé láti kékeré ni ìṣòro yìí ti wà lára mi? Ó ní bóyá Gẹ̀ẹ́sì ló ń yọ mí lẹ́nu, bóyá iṣẹ́ tí mò ń ṣe mọ́ ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù. Kò fọwọ́ sí ìjábọ̀ náà. Ẹ̀rí mìíràn ló ń dúró dè.

Bàbá, láìsí ìjábọ̀ yẹn, ọwọ́ mi kò lè kan owó ìjọba. Láìsí i, yunifásítì pàápàá kò lè fi ìṣẹ́jú kan kún àkókò ìdánwò mi.

Ẹ sì pè é ní sàráà. Kò sẹ́ni tó ń ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gba ìjábọ̀ ẹni, wọ́n á pè é jókòó, wọ́n á bi í pé, níbo ni ẹ̀kọ́ ti ń dùn ọ́? Ohun tó bá sọ ni wọ́n á wò. Wọ́n lè fún un ní ẹ̀rọ tó ń ka ìwé sí i létí àti èyí tó ń gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè gba tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ irú wa, kó máa jókòó tì í ní wákàtí kan lọ́sẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ta ẹ̀rọ àti ọ̀dọ̀ tíṣà ni owó náà ń lọ. Wọn kì í bèèrè bóyá baba èèyàn lówó tàbí kò ní. Bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa ní awò, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ̀yin náà ń lo awò, Bàbá, kò sẹ́ni tó pè yín ní abirùn.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ọjọ́ Bíbélì yẹn. Sáàmù kẹtàlélógún ni. Màmá ló kà á sí mi létí láti ọjọ́ Ajé títí di Sátidé títí mo fi há a sórí. Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo gbé Bíbélì dání níwájú ìjọ, mò ń wo ojú ewé tí kì í tiẹ̀ ṣe ti Sáàmù. Ẹ wà lórí ìjókòó iwájú. Ẹ rí ojú ewé náà. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ẹ sì bojú wolẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ máa ń gbé ìwé síwájú mi. Ẹ na ọmọ gbogbo ayé, ẹ kò nà mí rí. Ẹ kàn máa ń wò mí títí omi á fi gba ojú yín, ẹ ó sì dìde jáde. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní.

Ẹ mọ òtítọ́ náà, Bàbá. Ẹ kọ ọ́ fún mi. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní ni ìdánwò.

Moríyọ̀ yín.


Leeds
28 Oṣù Kìíní, 2024

Bàbá,

Ẹ kú ọdún tuntun. N kò rí èsì. Mo fi fóònù pè, ẹ kò gbé e. Olúrántí ní òun fúnra òun ló gbé lẹ́tà mi dé ọwọ́ yín, pé ẹ kà á tán, ẹ ká a, ẹ fi í sínú Bíbélì, ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ òun bóyá ọyẹ́ ti dé Àkúrẹ́.

Mo ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè márùn-ún ni. Ìkẹta ni mo ṣì ń kà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní kí a fi bírò sílẹ̀. Mo mọ ìdáhùn gbogbo wọn. Bí wọ́n bá ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu ni, màá sọ ọ́ tán kí omi tó hó lórí iná.

Mo já. Wọ́n ní kí n dúró sílé títí di oṣù Kẹsàn-án. Olùkọ́ mi yẹn bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí ìjábọ̀ bá tẹ àwọn lọ́wọ́ kí oṣù Kẹfà tó parí, wọ́n á jẹ́ kí n tún ọdún kejì bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dé, ó parí nìyẹn.

Ní báyìí, ilé àwọn arúgbó ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lánàá, mò ń fi ṣíbí fún ìyá kan ní ọ̀dùnkún gígún, ó ní kí ló dé tí mò ń sunkún. Mo ní àlùbọ́sà ni. Ó wo inú abọ́ náà, kò rí àlùbọ́sà kankan, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Bí ẹ kò bá ní kọ ọ́, ẹ sọ fún mi pé ẹ kò ní kọ ọ́. Dídákẹ́ yín ló ń pa mí.

Moríyọ̀.


Odòjọ̀mù, Oǹdó
17 Oṣù Kẹta, 2024

Moríyọ̀, ọmọ ìyá rẹ,

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, tí mo ya á. Ọwọ́ tó ti kọ ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kọ̀, kò kọ èyí. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo ẹ̀yìn. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Kìtán kò yan oko. Èmi ni mo lé e débẹ̀.

Kíláàsì mi ló wà, Pírámárì kẹrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Bí mo bá pe ìṣirò, ó ti dáhùn kí n tó pè é tán. Rédíò tó bá bàjẹ́, ó máa tú u, ó máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ìwé síwájú rẹ̀, bí ẹni pé mo gbé ògiri síwájú rẹ̀ ni. Àwọn tíṣà yòókù ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ọmọ tíṣà kò mọ A. Mo gbà pé ọ̀lẹ ni, mo tún gbà pé agídí ni. Mo ń nà án láàárọ̀, mo ń nà án lálẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó ní kíláàsì kan náà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá lọ.

Ọjọ́ tí a ń ka èsì òpin ọdún kẹta yẹn, gbogbo òbí pé sí pápá. Mo gé pátákó, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé ÈMI NI OLÓDO, mo so ó mọ́ ọn lọ́rùn, mo sì mú un yí pápá ká. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Òun kò sunkún. Nígbà tí a yí i dé ìdajì, ó gbójú sókè, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Bàbá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Moríyọ̀, ọdún márùndínlógójì rèé. Kò sí ọjọ́ tí mo jí tí n kò gbọ́ ìbéèrè yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ kó ẹrù Kìtán, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Bọ́lọ́rundúró. Kò bi mí, kò sì dá mi lóhùn fún oṣù púpọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e la bí ọ. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún mẹ́fà, tí mo gbé ìwé síwájú rẹ, mo rí ojú Kìtán nínú ojú rẹ. Mo búra pé n kò ní fi pàṣán kàn ọ́. Mo wá ń parọ́ fún ọ dípò rẹ̀. Èmi ni mo ń kọ káàdì èsì rẹ. Ipò kìíní yẹn, èmi ni mo fi fún ọ. Nígbà tí o wọ sẹ́kọ́ńdírì, ìyá rẹ ń ka ìwé sí ọ létí, ò ń há a sórí, gbogbo wa ń ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀.

Nígbà tí ìwé rẹ dé, tí o bèèrè bóyá ẹlòmíràn wà nínú ìdílé, mo rí i pé bí tìrẹ bá ní orúkọ, ti Kìtán náà ní orúkọ nìyẹn. Bó bá sì ní orúkọ, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí kì í bá sì ṣe ọ̀lẹ, kí ni mo wá nà fún ọdún mẹ́ta? Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹ òǹtẹ̀ sí irọ́. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń dáàbò bò.

Mo ti kọ òtítọ́ sí obìnrin náà, tìrẹ àti ti Kìtán, ojú ewé mẹ́rin. Olúrántí ti fi ránṣẹ́ ní àná. N kò tẹ òǹtẹ̀ sí èyí.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Owó ìjọba yẹn, ṣé kò sí ọ̀nà kankan tó fi lè kan ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tó wà ní oko kòkó?

Baba rẹ.


Leeds
2 Oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ìròyìn ayọ̀ ni kí n kọ́kọ́ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè jó sí i.

Obìnrin náà fọwọ́ sí ìjábọ̀ lẹ́yìn tó ka ojú ewé mẹ́rin yín. Ó ní òun kò tíì rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó owó ìjọba, wọ́n pè mí fún ìjókòó tí mo sọ fún yín, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà tó ń kàwé wá, igba pọ́n-ùn àkọ́kọ́ nínú owó rẹ̀ nìkan ni èmi máa san. Wọ́n ti wá tíṣà kan fún mi. Yunifásítì gbà kí n tún ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú àkókò àfikún nínú ìdánwò. Ọdún kan ló ṣòfò. Ó yẹ kí n dúpẹ́ pé ọdún kan péré ni.

Ojú ewé méjìlélógún ni ìjábọ̀ náà. Mo jẹ́ kí fóònù kà á sí mi létí nínú yàrá mi. Ó dé ibì kan tó ní ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìsapá, pé mo ti ṣiṣẹ́ ju ẹgbẹ́ mi lọ kí n tó lè bá wọn dọ́gba. Mo dá a padà, mo tún gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ títí mo fi sunkún tán.

Lẹ́yìn náà ni mo rántí Bùọ̀dá Kìtán, gbogbo rẹ̀ sì korò lẹ́nu mi.

Ẹ bi mí bóyá owó náà lè kàn án. Mo bèèrè, bí mo tilẹ̀ mọ̀. Kò lè kàn án, Bàbá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló wà fún, ẹni tí ìlú yìí kà mọ́ ara wọn. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó parí Pírámárì, wọn kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Mo bínú sí yín, n kò ní fi bò. Ìfẹ́ lẹ fi parọ́ fún mi, ìtìjú lẹ fi nà án. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni mo dé yunifásítì. Mo ti ń pè é ní bùọ̀dá tó fẹ́ràn oko láti kékeré mi. Mo ti bá a ṣe yẹ̀yẹ́ rí pé ó ń mú ìwé dání lódìkejì. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, Bàbá, ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ lọ bá a. Ẹ má rán Olúrántí, ẹ má sì pè é wá sí Oǹdó. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ. Ẹ sọ orúkọ ohun tó ń ṣe é fún un.

Moríyọ̀.


Bọ́lọ́rundúró
14 Oṣù Keje, 2024

Moríyọ̀,

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kìtán ni mo jókòó sí. Ó ní òun fẹ́ fúnra òun fèsì fún ọ. Òun ló ń sọ, èmi ni mò ń kọ. Èdè Oǹdó wa ló fi ń sọ ọ́, mò ń yí i sí ti ìwé bí ó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ibi yìí lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni.

Àbúrò mi, mo kí ọ, ìyàwó mi kí ọ, àwọn ọmọ kí ọ. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, kòkó ń dú lórí igi. A ń ṣa èyí tí a bá rí ṣà.

Ọ̀kadà ni Bàbá gùn wọ inú oko láti ojú títì. Láti ọjọ́ tí Màmá ti mú mi wá síbí, wọn kò dé ibí rí. Nígbà tí mo rí wọn, mo rò pé ẹnì kan ti kú. Wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n ka gbogbo ìwé rẹ sí mi létí, láti èyí àkọ́kọ́. Wọ́n ka tiwọn náà, èyí tó ní ọ̀rọ̀ pátákó nínú. Lẹ́yìn náà, wọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí á má kọ ìyẹn, mo ní kí wọ́n kọ ọ́. Àgbàlagbà ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, pẹ̀lú orúnkún yẹn. N kò mọ ohun tí èèyàn ń ṣe bí baba ẹni bá dọ̀bálẹ̀ fún ẹni, ni èmi náà bá dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ ni a wà títí ìyàwó mi fi dé láti odò, ó pariwo, ó rò pé a jọ ṣubú ni.

O ní ó ní orúkọ. Àbúrò mi, mo ti máa ń rò pé bí mo ṣe ń rí ìwé ni gbogbo yín ń rí i, pé ẹ kàn láyà jù mí lọ ni. Bí mo bá lọ sí báńkì, mo máa ń fi aṣọ di ìka mi bí ẹni tí àdá gé, kí wọ́n lè bá mi kọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú Màmá, èmi ni àkọ́bí, wọ́n gbé Bíbélì fún mi kí n ka ẹ̀kọ́ kìíní. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Olúrántí ló bá mi kà á. Mo sin ìyá mi, n kò lè fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan sìn ín.

Ọpẹ́olúwa, ọmọ mi kejì, wà ní Pírámárì kẹta. Tíṣà rẹ̀ ní kò lè kàwé, pé ọ̀lẹ ni. Mo nà án lọ́dún tó kọjá. Mo nà án gidi. Láti ìgbà tí Bàbá ti ka ìwé rẹ tán ni mo ti ń wo ọwọ́ mi. Bàbá ní àwọn yóò máa wá ní gbogbo Sátidé láti máa ka ìwé sí i létí, láìmú pàṣán dání. A ó rí i.

Mo gbọ́ pé owó náà kò lè kàn mí. N kò bèèrè owó. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ yẹn, tó ní kì í ṣe ọ̀lẹ, bá mi bi obìnrin náà bóyá ó lè kọ orúkọ tèmi sí i. Ìlà kan péré, nísàlẹ̀. Kó kọ ọ́ pé Kìtán náà, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kí o wá fi ránṣẹ́ sí mi. N kò ní lè kà á, ṣùgbọ́n màá mọ ibi tí ó wà.

Kìtán ló sọ ọ́.
Bàbá ló kọ ọ́.